Mọ́tò agolo àti ọpọ́n ayò

Àwọn ọmọ gba ìsinmi Kérésì, ni wọ́n bá dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo pa á. Ẹkún sọ.

Mo wá agolo sàdíìnì kan tó ti ṣófo, mo fi òkúta lu etí rẹ̀ títí tí kò fi lè gé ọmọ lọ́wọ́ mọ́ (ẹ má fo ibí yìí o). Mo dá ihò mẹ́rin sí i. Ìdérí ìgò míńírà di táyà, igi súyà so wọ́n pọ̀, okùn wà níwájú. Àbúrò ń fà á kiri, ẹ̀gbọ́n ń ké tẹ̀lé e bíi kọ̀ńdọ́ ọkọ̀: "Ọjọ́ta! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Ní ti ẹ̀bùn Kérésì, ọpọ́n ayò ni mo rà dípò ìbọn oníke. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nínú wọn, tó kórìíra ìṣirò, ló ń fojú ka ọmọ ayò kó tó ta á, kó lè mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa parí sí. Ó ti pa mí láyò lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà fún un.

Kò sówó ọpọ́n? Ẹ gé ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà lára kíréètì ẹyin, kẹ́ ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọmọ tó ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu.