Mo Ń Wá Oko Lọ sí Agége

Ọjà Oyíngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá, àmọ́ èmi wá. Mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kan pé oko ni mo ń wá. Ariwo ọjà gbé e. "Àǹtí, ọkọ lẹ ń wá lọ́jà?"

Oko ni mo wí! Lọ́dún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń pín ọmọ irúgbìn fún àgbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé mi yípo ibẹ̀ títí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo rí, àti gọ́tà.

Mo fa káàdì Cowry yọ, mo wọ reluwé Red Line lọ sí Agége. Ipa yìí náà ni reluwé òyìnbó tọ̀ dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. A kọjá Yábàá. Ní Mushin, mo yọjú lójú fèrèsé bóyá mo máa rí igi iṣin kan, torí àwọn àgbà ní iṣin ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Páànù lórí páànù ni.

Agége ni oko gan-an wà nígbà náà. Nígbà tí òwò J. P. L. Davies dẹnu kọlẹ̀ l'Ékòó, ó bọ́ sóko nítòsí ibẹ̀, ó gbin kòkó. Jacob Kehinde Coker tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀. Àwọn lébìrà wọn láti Iléṣà àti Oǹdó ló gbé irúgbìn kòkó padà sílé. Nílé ìwé, ìjọba ni wọ́n ní ó kọ́ wa ní gbígbin kòkó. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn lébìrà yìí ńkọ́?

Lẹ́yìn kòkó ni gbàǹja, tí reluwé ń kó lọ sílẹ̀ Haúsá. Nígbà tí mo sọ̀ ní Agége, mo bá ìyá olóbì kan lọ́jà. Ó ṣí ewé tútù, ó mú obì pupa kan, ó fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ihò kan hàn mí, kò tó ojú abẹ́rẹ́. "Kòkòrò ti wọ èyí, ọmọ mi, mi ò ní tà á fún ẹ." Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣa mẹ́rin tó dáa fún mi.

"Màmá, ṣé gbàǹja Agége nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Agége wo? Ṣágámù ni mo ti ń kó o."