Ṣé Ká Yọ Nọ́ńbà 9 Wa?

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní ká yọ nọ́ńbà 9 wa, torí orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní gbogbo ìgbà. Èmi ò fara mọ́ ọn o. Ẹ wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Kwara tiwa, tí wọ́n bí sí Ìlọrin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Nottingham Forest ń bá Leicester gbá, ó sáré kọlu òpó góòlù, ikùn rẹ̀ sì fara pa. Ó dìde, ó tún ń gbá a lọ! Iṣẹ́ abẹ ló já sí. Síbẹ̀ Forest ò tìtorí ìyẹn lé e. Gbígbá tó tún ń gbá a lọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí nọ́ńbà 9 wa náà kì í sọ pé ó ń dun òun. Kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, ká sì bá a tọ́jú jẹ́sì rẹ̀.