Ọmọ Tí A Yàn, Ọmọ Tí A Tọ́

(Ìbàdàn, ní ìparí ọdún 2025, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kẹ́hìndé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Táíwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Pittsburgh dé. Kẹ́hìndé kò kúrò nílé rí. Eré ìdárayá ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama.)

KẸ́HÌNDÉ: Táíwò, láti àná tí o ti dé, o ò tíì bi mí léèrè Shooting Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Fóònù lo tẹjú mọ́. Kí ló wà níbẹ̀?

TÁÍWÒ: Béésìbọ́ọ̀lù ni. Àwọn Pirates wa ní Pittsburgh. Wọ́n ń jiyàn lórí ọmọ tí a máa mú lọ́dún tó ń bọ̀.

KẸ́HÌNDÉ: "A máa mú" kẹ̀? Ṣé wọ́n ń pe ìwọ náà síbẹ̀ ni?

TÁÍWÒ: Ẹni tó bá ti jókòó sí pápá wa, PNC Park, nínú òtútù oṣù kẹrin, tí wọ́n ń na ẹgbẹ́ ẹ̀ lójú ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ "a". World Series, ife tó ga jù nínú eré náà, tí Pirates gbà kẹ́yìn, 1979 ni. Láti 1993 títí dé 2012, ọdún 20 gbáko, kò sí ọdún kan tí ìgbà tí wọ́n borí pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n fìdí rẹmi lọ. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, eré yòówù kó máa ṣe, tó tíì jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó o.

KẸ́HÌNDÉ: Ọdún 20! Wọn ò sì lé wọn wálẹ̀? Bí Shooting Stars bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan péré, líìgì kejì ni wọ́n ń lọ.

TÁÍWÒ: Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni wálẹ̀ níbẹ̀. Láti 1965, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n ń sọ pé kó kọ́kọ́ mú ọmọ. Draft ni wọ́n ń pè é. Oṣù keje ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Ẹgbẹ́ 30 á máa pe orúkọ àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé girama àti ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn á fi yí i po nígbà 20.

KẸ́HÌNDÉ: Ìyẹn mà dà bíi kí wọ́n gbé ẹran tó tóbi jù lọ fún ọmọ tó kọ̀ tí kò lọ sóko.

TÁÍWÒ: Àwọn náà pàpà rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ kan sí òmíràn pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi kí wọ́n lè rí ọmọ gidi mú. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kí àwọn tí kò ṣe dáadáa máa ta tẹ́tẹ́ fún ipò kìn-ín-ní láti ọdún 2023. Tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, Pirates ló jẹ ẹ́. Wọ́n fi mú Paul Skenes láti Louisiana, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ní máìlì 100 láàárín wákàtí kan.

KẸ́HÌNDÉ: Dúró ná. Ọmọ yẹn ńkọ́, ta ló bi í pé ibo ló fẹ́ lọ?

TÁÍWÒ: Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹgbẹ́ tó bá pe orúkọ ẹ̀ nìkan ló lè bá a dúnàádúrà lọ́dún yẹn.

KẸ́HÌNDÉ: Haa! Ọmọ ọlọ́mọ! Wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á wo apá wọn, wọ́n á wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á pe orúkọ, ó parí? Níbo la ti gbọ́ irú èyí rí? Kí ó máà jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n wá sọ di eré o.

TÁÍWÒ: Má sọ ọ́ débẹ̀. Ọmọ náà lè kọ̀. Gbọ́ ti Gerrit Cole. Ní 2008, Yankees, ẹgbẹ́ tó lówó bíi kí ni, pe orúkọ ẹ̀ nígbà tó ń jáde níléèwé girama. Ó ní òun ò lọ, ìwé lòun ń lọ kà ní UCLA. Ó sì lọ. Ní 2011, Pirates ló ni ipò kìn-ín-ní, àwọn ló mú un. Mílíọ̀nù 8 dọ́là ni wọ́n kó fún un kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan fún wọn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrú nìyẹn?

KẸ́HÌNDÉ: Mílíọ̀nù 8 ni ti ẹni kìn-ín-ní. Ẹni tí wọ́n pè kẹ́yìn ńkọ́? Àti pé tó bá ti gbà, ọjọ́ wo ló máa lè kúrò?

TÁÍWÒ: Ó di ìgbà tó bá lo ọdún 6 nínú líìgì ńlá. Nígbà kan, kò tiẹ̀ sí ọjọ́ ìkúrò rárá. Curt Flood, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ló kọ̀ ní 1969 nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e láti St. Louis lọ fún Philadelphia láìbi í. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó pàdánù ní 1972, iṣẹ́ ẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa fi ṣí fáwọn yòókù ní 1975, òun ti kúrò lórí pápá.

KẸ́HÌNDÉ: Ó ṣe, ọmọ ọkùnrin.

TÁÍWÒ: Ṣùgbọ́n jẹ́ n padà sórí Cole, torí ibẹ̀ ni gbogbo inú mi wà. Ohun tó ń bí mi nínú nípa àwọn tá a jọ ń ṣe Pirates ni pé alẹ́ tí wọ́n ń pe orúkọ nìkan ni wọ́n ń dá sí. Wọ́n á pariwo, wọ́n á bú ẹni tó yàn, wọ́n á yin ẹni tó yàn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló máa tọ́ ọmọ yìí lọ́jọ́ kejì. Pirates mú Cole, wọ́n sì kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ajùbọ́ọ̀lù wọn: ju èyí tó ń rì sísàlẹ̀, kí ẹni tó ní igi lọ́wọ́ lè gbá a mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, tá a bá pín in dọ́gba, àmì ayò 4.26 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ìdíje kan. Ní oṣù kìn-ín-ní 2018, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Houston.

KẸ́HÌNDÉ: Wọ́n sọ ọ́ nù.

TÁÍWÒ: Wọ́n fi gba ọmọ 4. Houston gbé e jókòó, wọ́n fi àwòrán àti nọ́ńbà hàn án. Wọ́n ní, fi èyí tó ń rì yẹn sílẹ̀. Èyí tó ń lọ tààrà, tó ń sáré, gbé e sókè lọ sí àyà wọn. Lẹ́yìn náà, fi èyí tó ń yí kọ́rọ́ kún un. Ó tán! Ní 2019, ìgbà 326 ló lé ẹni tó ní igi kúrò láìgbá bọ́ọ̀lù rere. Àmì 4.26 já sí 2.50. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, Yankees tó kọ̀ fún nígbà èwe wá fi mílíọ̀nù 324 dọ́là bẹ̀ ẹ́ fún ọdún 9.

KẸ́HÌNDÉ: Apá kan náà?

TÁÍWÒ: Apá kan náà, Kẹ́hìndé! Egungun kan náà, ẹran ara kan náà! Ọ̀dọ̀ tiwa ló wà fún ohun tó lé ní ọdún 6, a ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

KẸ́HÌNDÉ: Èyí yé mi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí ọmọ tó ń sáré bó ṣe wù ú, tó ń borí gbogbo èèyàn, kí kóòṣì kan tó dé tó ní "má fò bẹ́ẹ̀ mọ́, bí mo ṣe ń fò nígbà tèmi ni kó o máa fò." Bí ọmọ yẹn ṣe parẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n máa pè?

TÁÍWÒ: Àwọn scout ni. Wọ́n ń wa mọ́tò kiri gbogbo orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ń jókòó sẹ́yìn wáyà, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka ìyára bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Wọ́n ń fún ọmọ ní máàkì: gbígbá, agbára, eré sísá, apá, àti mímú bọ́ọ̀lù. 20 ló kéré jù, 80 ló ga jù, 50 ni ti ẹni tó wà láàárín nínú líìgì ńlá.

KẸ́HÌNDÉ: Máàkì wo ni wọ́n fún ọkàn rẹ̀?

TÁÍWÒ: Ìyẹn ni wọ́n máa ń kùnà jù. Nínú eré yìí, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù rere ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni. Ẹ̀ẹ̀meje ló kùnà yẹn o. Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló dára jù ní abúlé ẹ̀ láti kékeré, kò kùnà rí, ọjọ́ wo ló máa kọ́ ọ? Bryan Bullington ni Pirates fi ipò kìn-ín-ní mú ní 2002. Zack Greinke wà níbẹ̀, Prince Fielder wà níbẹ̀, wọ́n fò wọ́n kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bullington borí nínú líìgì ńlá, ẹgbẹ́ mìíràn ló sì ti rí i ṣe. Japan ló ti wá gbádùn ara ẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Ẹni tí wọn ò kà kún ńkọ́?

TÁÍWÒ: Mike Piazza! 1988, ìpele 62. Ọmọ 1,389 ni wọ́n ti pè kí wọ́n tó pè é. Torí pé Tommy Lasorda, kóòṣì ẹgbẹ́ Dodgers, jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ ni wọ́n tiẹ̀ fi rántí ẹ̀. Wọ́n ní kó fi ipò tó ń gbá sílẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ní igi. Ó gba Dominican Republic lọ, níléèwé bọ́ọ̀lù tí Dodgers ní níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Spéènì, ó ń kọ́ ọ nínú oòrùn. Ó gbá 427 jáde kọjá ògiri kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé e wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn ọ̀gá eré náà, ní 2016. Ìpele 20 ni wọ́n wá ń dúró sí báyìí o. Ó tó 40 ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n tún já sílẹ̀ ní 2021. Tó bá jẹ́ lónìí ni, Piazza ì bá máa bá bàbá ẹ̀ ta mọ́tò.

KẸ́HÌNDÉ: Dominican yẹn náà, ṣé wọ́n ń pe orúkọ tiwọn?

TÁÍWÒ: Rárá. Àwọn tọ̀hún kò sí nínú draft. Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n ń bá tọwọ́ bọ̀wé, ẹni tó kọ́ ọ láti kékeré á sì gba tiẹ̀ nínú owó náà.

KẸ́HÌNDÉ: Ọmọ ọdún 16 tó ní irùngbọ̀n. Wọ́n mọ ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ náà?

TÁÍWÒ: Wọ́n mọ̀ ọ́n! Ní 2006, Washington san mílíọ̀nù 1.4 dọ́là fún ọmọ ọdún 16 kan. Ní 2009 ni wọ́n wá mọ̀ pé orúkọ tó fún wọn kì í ṣe tiẹ̀, àti pé ó ti tó ọdún 20 nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé.

KẸ́HÌNDÉ: (ó ń rẹ́rìn-ín) Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ò dá nìkan wà! Ọmọ tiwa kankan ò wà nínú wọn ni?

TÁÍWÒ: Demi Orimoloye. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí. Milwaukee pè é ní ìpele 4 ní 2015. Ní 2018, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọkùnrin ọdún 37 kan tí wọ́n nílò fún oṣù díẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Orímólóyè! Fún bàbá àgbà oṣù díẹ̀! Níbo ló wà nígbà yẹn?

TÁÍWÒ: Líìgì kékeré. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ti Pirates bẹ̀rẹ̀ ní Bradenton ní Florida, ó lọ sí Greensboro, ó lọ sí Altoona, ó lọ sí Indianapolis, kó tó kan Pittsburgh. Mo máa ń wa mọ́tò lọ sí Altoona. Ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó ń já wálẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri pápá, àwọn ọmọdé máa ń ké lórí ẹ̀ nígbà kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọkùnrin yìí ń jà fún ayé wọn nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì òru ni wọ́n ń wọ̀. Títí dé 2022, ẹni tó wà ní Indianapolis, tó ku ẹsẹ̀ kan kó wọlé, 17,500 dọ́là ni owó tó kéré jù fún un lọ́dún. Orí ilẹ̀ lẹlòmíì ń sùn nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ kí ó tó di 35,800 ní 2023. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ yìí ń san mílíọ̀nù fún ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ ra ẹyin tí ọmọ á jẹ láàárọ̀!

KẸ́HÌNDÉ: Má pariwo mọ́ mi, èmi kọ́ ni mo ni ẹgbẹ́. Skenes ńkọ́, ṣé òun náà wọ bọ́ọ̀sì?

TÁÍWÒ: Fúngbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú sísàlẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2024. Tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ sókè, ọdún yẹn kì í pé nínú ọdún 6 tí mo sọ, ẹgbẹ́ á sì fi ọdún kan jẹ èrè lórí ẹ̀. Chicago ṣe é fún Kris Bryant ní 2015: ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọdún ẹ̀ fi dín. Ti Skenes kò ṣiṣẹ́ fún wọn, torí òfin tuntun ní ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọdún ẹ̀ pé. Ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Ọlọ́run bá mi ṣe é!

KẸ́HÌNDÉ: Ta lọmọ tó kù tó ń mú ọ wo fóònù lóru?

TÁÍWÒ: Konnor Griffin. Ipò 9 ni wọ́n fi mú un ní 2024, níléèwé girama kan ní Mississippi. Ní 2025 yìí, Bradenton, Greensboro, ó parí ọdún sí Altoona, ọmọ ọdún 19. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má kánjú. Henry Davis ni wọ́n fi ipò kìn-ín-ní mú ní 2021, ẹni tó ń lóṣòó mú bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tó dé òkè ní 2023, wọ́n lé e lọ sí ẹ̀yìn pápá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Pittsburgh àti Indianapolis, igi rẹ̀ kò mú nǹkan.

KẸ́HÌNDÉ: Ìkánjú kọ́ nìyẹn, yíyí ipò ẹ̀ padà ló bà á jẹ́. Ọmọ tó bá ti ń gbá a, jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n á ti máa jù ú gidi fún un. Ta ló máa kọ́ ọ ní Altoona, ọkọ̀ eré?

TÁÍWÒ: Altoona, lẹ́yìn náà Indianapolis. Kó kùnà níbẹ̀ ná, kó mọ bó ṣe máa dìde.

KẸ́HÌNDÉ: Kó kùnà ní Pittsburgh níbi tó ti máa gbowó gidi! Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo ní kí wọ́n gbé e lọ.

TÁÍWÒ: Ẹ̀gbọ́n wo? Ta ló kọ́kọ́ jáde?

KẸ́HÌNDÉ: Ta ló rán ọ?