Ó Ti Wà Lọ́nà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí "lọ́la" ṣe gùn tó, kó má wulẹ̀ da àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò láàmú. Kó lọ wá páàtì ọkọ̀ ní Arakale. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi wọn ọ̀rọ̀ náà: ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín tàbí ọ̀kadà ni mọ́tò yín, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí owó ilé-ìwé yín ti ń wá.

Tèmi, inú Toyota Avensis ló ti ń wá, èyí tí wọ́n ṣe ní 2004. Bàbá mi fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Jọ́gíráfì ní Oǹdó. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn jáde (bó ṣe pẹ́ kó tó jáde, ìtàn mìíràn nìyẹn), wọ́n fi ra Avensis, wọ́n sì ń fi kó èrò láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Lílọ bíbọ̀ ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ bí ọlọ́pàá àti òjò bá gbà. Ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé tèmi ti ń jáde, ibẹ̀ ni ti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Adéyẹmí náà ti ń jáde.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ló dákú lẹ́bàá Ọ̀wẹnà pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú. Ẹ̀yin náà á rántí oṣù yẹn. Ìparí oṣù karùn-ún ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo tó wà lábẹ́ igba náírà sì fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí a tó mí, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn lọ́rùn náírà. Dọ́là tó ń lọ ní nǹkan bí ₦470 ní báńkì ti kọjá ₦700 kí oṣù tó parí. Àárín ìjì yìí ni ọkọ̀ wa yan láti kú sí.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà dé Àkúrẹ́, torí pé mẹkáníìkì tó mọ irú rẹ̀ kò sí nítòsí ilé. Ọ̀gá mẹkáníìkì yìí kì í ṣe àgbà, ọmọ ọdún bí ọgbọ̀n ni. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kì bọ abẹ́ sítíárì, fóònù rẹ̀ á sì ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀ jáde. Ó kà á tán, ó mi orí.

"Sítúdẹ́ǹtì, D4 ni bàbá yín rà o. Ká ní Camry ni, ìrọ̀lẹ́ òní lẹ̀ bá wà á lọ sílé."

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìta ni epo àti atẹ́gùn ti ń pàdé kí wọ́n tó jọ wọ inú ẹ́ńjìnnì. D-4 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú sìlíńdà gan-an ló ń fín epo sí, torí náà ó ní pọ́ọ̀ǹpù kejì lórí ẹ́ńjìnnì tó ń ti epo pẹ̀lú agbára ńlá. Pọ́ọ̀ǹpù yẹn kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Epo tiwa ńkọ́? Ẹ mọ epo wa.

Kí ló dé tí pọ́ọ̀ǹpù kan fi ń wọ́n bí ojú? Bàbá mi fúnra wọn ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi, torí Jọ́gíráfì ni. Toyota kò ta Avensis ní Amẹ́ríkà rí. Burnaston, ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe irú tiwa, fún àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì ti dáwọ́ dúró láti 2018. Bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn Camry àti Corolla tó kún ìgboro wa ti wá. Ẹ̀yà ohun tó bá pọ̀ nígboro ni oníṣòwò ń kó wọlé, ta ló fẹ́ fi owó ra ohun tí yóò jókòó sórí pákó fún ọdún kan? Tiwa di ọ̀rọ̀ "Belgium", bí àwọn onípáàtì ṣe ń pe ọjà àlòkù láti Yúróòpù, ẹni tó bá sì ń wá Belgium, Ladipo ní Mushin ni yóò kọjú sí.

Báyìí ni mo ṣe di aṣojú ìdílé ní Arakale. Bí mo bá ti jáde ní lẹ́kíṣọ̀ aago méjì, màá wọ ọkọ̀ ní South Gate, màá sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba, màá fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù onípáàtì tí mẹkáníìkì júwe. Ará Ìlà Oòrùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní ₦95,000, kí n san ìdajì, ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo san án.

Ọjọ́ kẹta: "Àbúrò, ó ti wà lọ́nà."

Ọjọ́ karùn-ún: "Òjò ló dá ọkọ̀ dúró. Ó ti wà lọ́nà."

Ọ̀sẹ̀ kejì: "Ṣé o ò rí mi ni? Mo ń jẹun lọ́wọ́. Padà wá lọ́la."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di ₦140,000. "Àbúrò, dọ́là ni. Èmi kọ́ ni mo ni dọ́là." Mo ní ṣebí a ti san ìdajì. Ó ní ìdajì ti àná nìyẹn.

Mo bínú dé ilé. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí òjò há mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á fúnra mi. Ó ti pe ọ̀gá rẹ̀ ní Ladipo ní ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ méjì. Èsì tí ọ̀gá náà kọ ránṣẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ó ti wà lọ́nà. Ọ̀gá náà ń dúró de ẹni tó ní kọ̀ńténà, ẹni tó ní kọ̀ńténà ń dúró de àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù àti iye tí dọ́là yóò jí sí lọ́la. Irọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pa fún ara wọn, èmi ni mo kàn wà ní ìdí ìlà. Ìgbà yẹn ni mo jókòó, tí mo bá a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Nílé ńkọ́? Bàbá mi ṣì ń jí ní aago márùn-ún. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wakọ̀, wọ́n á gbá àgbàlá tí ìyá mi ti gbá tán. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù mi á dún. Wọn kì í béèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n á béèrè ìwé mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ pé, "Kí ni wọ́n wí lónìí?" Ó dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọn ò béèrè mọ́. Wọ́n kàn ń dákẹ́ lórí fóònù, èmi náà á dákẹ́, owó á máa jó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá mi ta fíríjì tí wọ́n fi ń ta omi tútù, torí pé ọjọ́ tí àbúrò mi gbọ́dọ̀ san owó ilé-ìwé kò mọ̀ pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ ọ́: pọ́ọ̀ǹpù kan tó tóbi tó ìkúùkù, ó gbé fíríjì mì.

Mo gbìyànjú ọ̀nà òyìnbó náà. Mo wá nọ́ńbà iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ta ọkọ̀ tuntun ní Èkó, mo tẹ̀ wọ́n láago. Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orin náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan bọ́ sórí ìlà, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní kí n ka nọ́ńbà ṣásì. Àmì mẹ́tàdínlógún ni, mo kà á: S, B, ení... Ó dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni SB1, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni a ti rà á, kò sí nínú ìwé wọn. Wọ́n lè bá wa béèrè rẹ̀ láti òkè òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kí a san gbogbo owó náà tẹ́lẹ̀, ní iye tí dọ́là bá jẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò bú mi o. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá ní kí n tẹ ení dé àrùn-ún láti fi sọ bí mo ṣe gbádùn iṣẹ́ wọn tó. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, owó orí fóònù mi tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni. Ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ẹnìkan lọ́hùn-ún tó lè pè. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò ní ẹnìkan. Iléeṣẹ́ tó ṣe Avensis wa ti gba owó rẹ̀ tán lọ́wọ́ òyìnbó kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òyìnbó náà ni oníbàárà wọn, kì í ṣe bàbá mi. Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní 2012 láti fi òfin mú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí mẹkáníìkì àdúgbò rí ohun tó lè fi tún ọkọ̀ ṣe. Ó dára. Mẹkáníìkì wa ní Àkúrẹ́, ìdìbò wo ló fẹ́ di?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka òfin ní Àkùngbá ní Nàìjíríà náà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, ó sì ní àjọ tó ń rí sí i, FCCPC. Mo fi rìsíìtì Arakale hàn án. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé a kì í dá owó padà. Ó ní àjọ náà ti sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣáá bí àwọn àgbà kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ 504 máa ń tú wọn lẹ́nu. Wọ́n ní láti 1975 tí Peugeot ti ń to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà ń to tiwọn ní Èkó, kò sí ìlú tí mẹkáníìkì kò ti lè di ojú tú 504. Olùkọ́ lè yá owó ra tuntun. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lẹ́sẹ̀, owó oṣù olùkọ́ kò tó ra táyà ọkọ̀ tuntun mọ́, tòkunbọ̀ sì di tuntun wa. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo ti gun 504 rí. Ó ń jó.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, páálí dé! Inú mi dùn débi pé mo gun ọ̀kadà. A ṣí i, ẹnu pọ́ọ̀ǹpù náà kò bá ẹnu tiwa mu. Mẹkáníìkì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n títí, ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀. Ó padà sí Ladipo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ keje ni èyí tó bá a mu dé, pẹ̀lú nọ́ńbà mi tí wọ́n fi bírò kọ gàdàgbà sára páálí. Bàbá mi wọ ọkọ̀ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn wá láti Oǹdó, ó gba ìdajì owó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n béèrè pé níbo ni nọ́ńbà páàtì náà wà. Mẹkáníìkì fi hàn wọ́n lára irin, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n yọ ìwé ẹ̀kọ́ elójú-ewé ọgọ́rin kan nínú báàgì, wọ́n sì fi ìwé ojú pátákó tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà páàtì, orúkọ ẹni tó tà á, fóònù rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ tí a béèrè, ọjọ́ tó dé. Wọ́n tún gba pọ́ọ̀ǹpù tó kú, wọ́n wé e sínú ìwé ìròyìn.

Ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún báyìí. Àwọn awakọ̀ gáréèjì Oǹdó ti mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó bá ní Avensis, tàbí ọkọ̀ Yúróòpù mìíràn, á wá bi wọ́n, wọ́n á ṣí i wò, wọ́n á sọ ẹni tó lè ní i, wọ́n á sì sọ ẹni tí kò yẹ kó san ìdajì fún. Nígbà tí mo wà nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan pè láti Ìdànrè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ọkọ̀ ti dá a sọ́nà. Kò sí iná. Bàbá mi tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó dúró ná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé.