Owó Fàdákà Láti Ìsàlẹ̀ Òkun

Bí a bá dárúkọ owó àtijọ́ láàárín wa, owó ẹyọ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Ní tèmi, owó onírin ni mo fẹ́ràn láti máa kó jọ. Mo ní kọ́bọ̀ onihò mélòó kan, mo sì ní sílè kan tí wọ́n rọ ní 1913, nígbà tí sílè ṣì jẹ́ fàdákà gidi. Ẹni tí irú èyí bá ti wọ̀ lára kò ní pẹ́ gbọ́ nípa owó tí wọ́n ń kó jáde láti inú ọkọ̀ tí ó rì.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Atocha, ọkọ̀ àwọn ará Spéìn tí ìjì lù rì lẹ́bàá Florida ní 1622. Ọdún 16 ni Mel Fisher fi wá a kí ó tó kan ojúlówó ẹrù rẹ̀ ní 1985. Potosí, ní ilẹ̀ Bolivia òní, ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á gé fàdákà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á sì fi òòlù lù ú. Ìdí nìyí tí méjì kò fi jọra, tí òmíràn sì rí wágunwàgun bí àpáàdì. Èyí tí ó tóbi jù wọ̀n tó gíráàmù 27. Omi òkun a sọ ọ́ di dúdú, a sì jẹ ẹ́ létí. Àwọn tí ń tà á pín in sí ìpele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí òkun ti jẹ ẹ́ tó, wọ́n sì ń fún olùrà ní ìwé ẹ̀rí. Bí agbára mi bá ká a, n ó ra ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí n kò lè ra owó rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tà á fún mi lọ́pọ̀. Whydah ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rú ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kàn án, orúkọ èbúté Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ó kó ènìyàn tí ó lé ní 300 láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ tà ní Jamaica. Bí ó ti ń padà lọ sílé ni Samuel Bellamy, ọlọ́ṣà ojú òkun, gbà á ní oṣù kejì ọdún 1717. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ìjì fi fọ́ ọ ní Cape Cod, ní Amẹ́ríkà. Ẹni méjì péré ni ó yè nínú rẹ̀. Barry Clifford rí i ní 1984. Agogo ọkọ̀ náà, tí a kọ orúkọ rẹ̀ àti 1716 sí lára, ni ó jẹ́ kí ó dájú ní ọdún kejì pé òun ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó fàdákà ni wọ́n kó níbẹ̀. Bellamy ti da owó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè mú ọ̀kan kí ó ní èyí ni owó ẹrú, èyí kì í ṣe é. Inú mi dùn pé Clifford kò fọ́n wọn sọ́jà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ojúsàájú ni mò ń ṣe. Ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ tí àwọn ará Spéìn fi ipá kó wọ inú kòtò ni wọ́n wa fàdákà Potosí, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀; kí ló dé tí mo fẹ́ ra ti Atocha? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ohun tí mo rí sọ kò ju pé orúkọ èbúté tí wọ́n ti ń kó ènìyàn ni ọkọ̀ yẹn ń jẹ́, n kò sì lè gbé owó rẹ̀ sórí tábìlì kí n máa pe àlejò wá wò ó.