Òógùn Kì í Ṣe Oògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ kára, òógùn á bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa o: òógùn yàtọ̀ sí oògùn. Oògùn ń woni sàn. Òógùn, tó bá wọnú ẹ̀rọ, ó lè sọ oúnjẹ òòjọ́ èèyàn dàwátì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kabba ló ra awò VR àlòkù, Quest 2, irú èyí tó jáde lọ́dún 2020. Owó iṣu ló fi rà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré á sanwó, á dé awò mójú, ayé mìíràn á sì ṣí sílẹ̀. Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Beat Saber, tó jáde lọ́dún 2018: bí orin ti ń lọ ni àpótí kéékèèké ń fò bọ̀, ẹ ó sì máa fi idà là wọ́n. Orin kan péré, ojú ti ń dán. Bí NEPA bá wá múná lọ nínú ooru oṣù kẹta ńkọ́? Fáànù á dúró, ṣùgbọ́n bátìrì awò ò dúró, ijó ń lọ ní tiẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ló wà nínú òógùn. Iyọ̀ wà níbẹ̀, òróró ara náà wà níbẹ̀. Fóòmù tó ń kan ojú á mu ún bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Tó bá ṣàn wọnú ẹ̀rọ, iyọ̀ á máa jẹ irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ojú awò bá fi fọ́, kò sí babaláwo tó máa là á.

Báyìí là ń ṣe é. A fi rọ́bà bo fóòmù. Aránṣọ bá wa gé táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sí ọ̀já orí, oníkálukú á so tiẹ̀ kó tó dé awò. Lẹ́yìn orin méjì, ìsinmi. A ó nu rọ́bà, a ó fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nu ojú awò. A kì í fi sípíríìtì kàn án. Bí kò bá gbẹ, kò sí ṣáàjì. Ọ̀já orí nìkan là ń sá sóòrùn o! Ṣé ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń fi awò ìyá àgbà kó oòrùn jọ láti jó bébà? Bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn ṣe lè gba ojú awò VR wọlé, kó jó ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń kan ojú èèyàn kì í ṣe ohun kékeré. Ní oṣù keje ọdún 2021, Facebook, tó di Meta ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, pe fóòmù Quest 2 bíi mílíọ̀nù 4 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí ó ń yún àwọn kan lójú. Ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn tó 5,716. Rọ́bà ìbòjú ni wọ́n fi ń tu oníbàárà nínú, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ti ẹ̀rọ kọ́ ló le jù, ti ẹnu ni. Ta ló máa sọ fún àgbàlagbà pé "ẹ ń làágùn"? Lọ́jọ́ kan, bàbá kan bá ọmọọmọ wọn wá, òógùn ti rin fìlà. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wolẹ̀ ni. Nílẹ̀ wa, ìkíni ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀; òun náà ló sọ Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ di Okun. Mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, okun o. Ẹ jẹ́ n bá yín gba fìlà, kí n fún yín ní ti eré." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n so ọ̀já mórí bí ẹni fẹ́ lọ jìjàkadì.

Eégún náà ń jó nínú ẹ̀kú, ooru ń mú un, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ dúró lágbo sọ pé ará ọ̀run ń làágùn? Ọ̀wọ̀ la fi ń bo ìyẹn. Ti awò ò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá tijú láti sọ̀rọ̀, owó iṣu ẹ̀gbọ́n mi ló máa ṣègbé, ojú ẹni tó kàn ló sì máa yún un.

Torí náà, ẹ máa jó, ẹ máa làágùn, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé awò fún ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ojú yín, kẹ́ ẹ sì nu tiẹ̀ náà. Ire o!