Ọjọ́ Kan ní Etí Adágún Ọ̀yán

Ẹ̀yin abiyamọ, iṣẹ́ ilé kì í tán. Bí a bá ti ń fọṣọ, tí a ń dáná, tí a ń tọ́jú ọmọ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó yẹ kí a wá ọjọ́ kan tí tọkọtaya àti àwọn ọmọ yóò jáde lọ gba atẹ́gùn. Ẹni tí ó ń gbé Ìbèsè, ní ilẹ̀ Yewa tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, kò ní láti dé Èkó kí ó tó rí ibi ìgbafẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Ayétòrò. Ní ọdún 1963 ni wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ ìwé tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ fi í han àwọn ọmọ yín bí ẹ bá ń kọjá.

Láti ibẹ̀, ẹ dorí kọ apá Abẹ́òkúta. Nǹkan bí kìlómítà 20 sí ìlú náà ni adágún Ọ̀yán wà. Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí dáàmù tí wọ́n fi sé odò Ọ̀yán, kí omi lè máa dé Abẹ́òkúta àti Èkó. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn apẹja sì ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé wá láti ilé, kí ẹ sì mu omi tí ẹ bù wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ìyá kankan gbàgbé: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọ inú omi náà. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò yìí ni àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ abúlé etí omi. Ìṣáwùrú kéékèèké ni ó ń gbé kòkòrò rẹ̀. Kòkòrò náà ń bọ́ sínú omi, ojú lásán kò sì lè rí i. Awọ ara ni ó ń gbà wọlé. Kò di ìgbà tí ọmọ bá mu omi; kí ó kàn wọ́ ọ dé orúnkún ti tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ lè máa hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ọmọkùnrin tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ ń dàgbà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, àìsàn ni. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn praziquantel wà tí ń pa kòkòrò náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ̀ sínú omi, nítorí inú ìtọ̀ ni ẹyin kòkòrò ti ń padà sínú odò.

Bí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ yà sí Abẹ́òkúta. Ẹ gun Òkè Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti rí ààbò nígbà ogun, kí ẹ sì ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú.

Ní ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn ìkórè, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu. Àwa ìyá ni wọ́n ń yẹ́ sí nínú eré náà, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣúra fún gbogbo ayé.

Bí ẹ bá délé, tí àwọn ọmọ sùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò kan omi adágún, ìrìn àjò náà dára. Ire o.